Ọ̀rọ̀ Gọ́tà Ilé: Ẹ Jẹ́ Kí Á Fi Ọwọ́ Ara Wa Là Á

  Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpàdé ọdọọdún. Ọ̀rọ̀ gọ́tà ni. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rẹ́rìn-ín dáadáa, ṣùgbọ́n kó kà á dópin, nítorí ọ̀rọ̀ gọ́tà yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé kan ká ní Quarters wa níhìn-ín, àwa tí a ń kọ ìwé yìí sì wà lára àwọn tó jẹ̀bi.

Ilé náà, oníyàrá mẹ́jọ ni. Ìdílé mẹ́fà ló ń gbé inú rẹ̀, àwa náà sì ń gbé ibẹ̀. Balùwẹ̀ kan, ilé ìdáná kan, páìpù kan ló sì ń gbé omi méjèèjì jáde lọ sí gọ́tà ojú títì. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, omi kọ̀, kò lọ mọ́. Bí ènìyàn bá wẹ̀ tán, omi ọṣẹ á dúró dé ọrùn ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá da omi àwo nù ní ilé ìdáná, inú balùwẹ̀ ni yóò gbà yọ padà. Òórùn rẹ̀ kò jẹ́ kí àlejò lè jókòó. A dá owó, a pe ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ki irin bọ̀ ọ́, omi lọ, ó gba owó rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì kò pé, omi tún dúró. A tún dá owó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, a bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí a ó di ẹ̀bi rù. Ìyá kan wà nínú ilé náà tó ń din àkàrà tà ní òwúrọ̀. Gbogbo ilé fẹnu kò pé òróró rẹ̀ ló ń dí páìpù. Àwa tí a mọ̀wé díẹ̀ ni wọ́n ní kí a kọ̀wé sí i. A sì kọ ọ́. A kọ ọ́ pé kí ìyá náà san owó ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a ná padà, tàbí kó kó ẹrù rẹ̀ jáde bí oṣù bá parí. Ìyá náà gba ìwé. Kò lè kà á, ó ní kí ọmọ òun kà á fún òun. Ọmọ náà, ọmọ ọdún mẹ́wàá, dúró láàárín ọgbà, ó kà á sókè lójú gbogbo wa.

Nígbà tó kà á tán, ìyá náà kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ní: “Akọ̀wé, mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ni nínú yín tó ti wo inú páìpù náà?”

A kò rí èsì fọ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò wò ó. Àwọn mẹ́ta tí a sanwó fún pàápàá kò wò ó; wọ́n ki irin bọ̀ ọ́, wọ́n sì lọ. Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Inú páìpù ló yẹ kí a wò kí a tó sọ ìyá ọlọ́mọ di ẹlẹ́bi.

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, àwa ọkùnrin mẹ́rin bọ́ṣọ sílẹ̀, a sì la páìpù náà fúnra wa. A ó sọ bí a ti ṣe é, kí ẹlòmíràn lè ṣe é ní ilé tirẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni a ó wá sọ ohun tí a rò pé ó yẹ kí ẹgbẹ́ wa ṣe.

Ìkíní, a wá ibi tó dí. Bó bá jẹ́ pé balùwẹ̀ nìkan ni omi ti dúró, tí ti ilé ìdáná ń lọ, a jẹ́ pé ìdènà kò jìnnà sí ẹnu balùwẹ̀. Ṣùgbọ́n bí omi ilé ìdáná bá ń gba balùwẹ̀ yọ, ìdènà náà wà níwájú ibi tí páìpù méjèèjì ti pàdé. Ẹni tó bá ń ki igi bọ ẹnu balùwẹ̀ nígbà náà, wàhálà lásán ló ń ṣe.

Ìkejì, ìsàlẹ̀ ni a ti bẹ̀rẹ̀, a kò bẹ̀rẹ̀ láti òkè. A kọ́kọ́ kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà ojú títì kúrò ní ẹnu páìpù. Bí ẹnu bá rì mọ́lẹ̀, ohun tí a bá tì láti òkè kò ní ibi tí yóò gbà jáde. Ẹ̀yin tó ń gbé Kano mọ̀ pé ìlú wa yìí kì í ṣe Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta. Láti ìparí oṣù October títí di oṣù April tàbí May, òjò kì í sábà rọ̀ níhìn-ín. Ní gbogbo àkókò yẹn, ọyẹ́ ń gbé yanrìn àti eruku láti aṣálẹ̀ wá, ó ń dà á sínú gọ́tà wa, kò sì sí omi tí yóò gbé e lọ. Àwa náà wá ń da ọ̀rá pure water lé e lórí. Nígbà tí damina bá dé, tí òjò July àti August bá ń rọ̀, omi kò ní rí ọ̀nà, inú ilé ni yóò yà sí.

Ìkẹta, a mú rọ́bà omi dúdú tó le, irú èyí tí wọ́n fi ń fa omi ẹ̀rọ wọ ilé, ẹsẹ̀ bàtà 30, a tì í bọ inú páìpù láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. A kò lo irin, nítorí irin a máa fọ́ páìpù, pàápàá èyí tó ti gbó. Nígbà tí rọ́bà dé ibi tí kò lè lọ mọ́, a so àkísà mọ́ ọn lára ní ibi tí ẹnu páìpù wà, a sì fà á jáde. A wá tẹ́ rọ́bà náà sórí ilẹ̀, láti ẹnu páìpù lọ sí ọ̀nà ilé. Ibi tí orí rọ́bà náà dé lórí ilẹ̀, abẹ́ ibẹ̀ gan-an ni ìdènà wà. Ọgbọ́n kékeré ni, kò ná wa ní kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n nínú àwọn tí a ti sanwó fún, kò sí ẹni tó ṣe é.

Ẹsẹ̀ bàtà 11 ni. Ibẹ̀ sì bọ́ sí abẹ́ igi dongoyárò tí gbogbo wa ń jókòó sí nígbà ìpàdé ilé.

A tún ti rọ́bà náà bọ̀ ọ́, à ń tì í, à ń fà á, à ń yí i. Omi díẹ̀ jáde pẹ̀lú ohun pupa kan tó dì bí ọṣẹ. Àwa tí a ń ta epo pupa lọ́jà ló yẹ kí a ti mọ ohun tí ó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún wa. Nígbà ọyẹ́, epo inú kẹ́ẹ̀gì wa a máa dì gbagidi. A ní láti gbé e sí oòrùn kí a tó lè rọ ọ́ fún oníbàárà. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú páìpù, ṣùgbọ́n kò sí oòrùn níbẹ̀. Omi gbígbóná tí a fi fọ ìkòkò ọbẹ̀ yóò gbé epo náà jáde ní yíyọ́. Bó bá ti dé abẹ́ ilẹ̀ tó tutù, epo yóò dì mọ́ ara páìpù. Lọ́la, tòmíràn yóò tún dì lé e. Yanrìn àti eérú tí a fi ń ha ìdí ìkòkò yóò lẹ̀ mọ́ ọn, èèpo ẹ̀wà àti irun tí a yà dà sí balùwẹ̀ yóò lẹ̀ mọ́ ọn, títí ihò páìpù yóò fi kéré ju ìka lọ. Irin tí wọ́n ń kì bọ̀ ọ́ kàn ń lu ún ní ihò ni, bí ìgbà tí ènìyàn fi ìka lu ẹ̀kọ tútù. Omi yóò lọ lónìí, ihò náà yóò sì pa dé padà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí i. Epo pupa ló dì níbẹ̀. Ìyá alákàrà kò fi epo pupa dín àkàrà rẹ̀. Òróró ẹ̀pà, ti Kano yìí, ló fi ń dín in, òróró ẹ̀pà kì í sì í dì nínú ọyẹ́ wa bí epo pupa ti ń dì. A kò sọ pé òróró kò lè ba páìpù jẹ́ rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bi í léèrè ibi tó ń da èyí tó kù sí, ó ní: “Owó ni òróró, Akọ̀wé. Ta ni í da owó sínú gọ́tà? Èyí tó bá kù lónìí ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ lọ́la.” Òótọ́ ni. Epo tó dì nínú páìpù wá láti inú àwo ọbẹ̀ gbogbo wa, ìdílé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, àwa tí a kọ ìwé ẹ̀sùn ni a tà á fún wọn.

Ṣùgbọ́n epo nìkan kọ́. Ohun tó ń dí ní ibì kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, kì í ṣe ìdọ̀tí nìkan. Ọgbẹ́ wà níbẹ̀. A gbẹ́ ilẹ̀ níbi tí rọ́bà júwe. Páìpù amọ̀ àtijọ́ ni a bá. Ibi tí wọ́n ti so ọ̀kan pọ̀ mọ́ èkejì ti là, gbòǹgbò dongoyárò sì ti gba ibẹ̀ wọlé. Inú páìpù náà kún fún gbòǹgbò wẹ́wẹ́ bí irun orí tí a kò yà. Igi a máa wá omi, pàápàá nínú ẹ̀ẹ̀rùn ìlú bíi tiwa; bí ó bá rí ojú ibi tó là, yóò wọ ibẹ̀ lọ mu. Gbòǹgbò yìí ló ń mú ohun gbogbo tó bá ń kọjá, bí àwọ̀n ti ń mú ẹja.

A gé gbòǹgbò náà, a yọ èyí tó fọ́ kúrò, a fi páìpù rọ́bà onínǹṣì 4 dípò rẹ̀, a sì so ó pọ̀ dáadáa. Kí a tó bò ó, a wọn ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú rọ́bà funfun tí bíríkìlà ń bu omi sí. Fún irú páìpù bẹ́ẹ̀, bó bá lọ ní ẹsẹ̀ bàtà 40, ó yẹ kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rẹlẹ̀ ju òkè rẹ̀ lọ ní ẹsẹ̀ bàtà kan. Bí kò bá rẹlẹ̀ tó, ìdọ̀tí yóò jókòó. Lẹ́yìn èyí, a da garawa omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ márùn-ún sí i, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì láìdúró, nítorí omi díẹ̀díẹ̀ kì í gbé ẹrẹ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni a wí o, kì í ṣe omi tó ń hó. Omi tó ń hó a máa mú kí páìpù rọ́bà rọ̀ kó sì tẹ̀. Láti ọjọ́ náà, omi ń lọ. Owó páìpù àti sìmẹ́ńtì kò tó ìdajì ohun tí a ti san lẹ́ẹ̀mẹta.

Àwọn ewu kan wà tí a gbọ́dọ̀ sọ, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ìwé ẹgbẹ́ ló pa òun. Àwọn mìíràn a máa da kọ́sítíìkì sódà, irú èyí tí àwọn tó ń se ọṣẹ ń lò, sínú páìpù. Ó lè jẹ epo lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó lè jẹ awọ ara àti ojú pẹ̀lú. Bó bá di dandan, omi tútù ni kí ẹ kọ́kọ́ bù, kí ẹ wá da sódà sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ṣe da omi lé sódà lórí láé, yóò hó yóò sì ta síni lójú. Ẹ má fi àwo alumíníọ́mù ṣe é. Ẹ má ṣe da á pọ̀ mọ́ ásíìdì, bẹ́ẹ̀ ni ẹ má ṣe da ásíìdì pọ̀ mọ́ oògùn tí a fi ń bó aṣọ funfun; èéfín tó ń jáde níbẹ̀ lè pa ènìyàn nínú balùwẹ̀ tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí ẹ bá sì ti da sódà sí i, ẹ má ki rọ́bà bọ̀ ọ́ mọ́ lọ́jọ́ náà. Èyí tó burú jù lọ ni ti sókàwè àti ihò ṣálángá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ inú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ búburú kan wà níbẹ̀ tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Bó bá pọ̀ jù, imú kì í gbóòórùn rẹ̀ mọ́, ènìyàn yóò kàn ṣubú ni. Ẹni tó bá sáré wọlé láti gbé e jáde yóò ṣubú tẹ̀lé e. Iṣẹ́ àwọn tó ní ohun èlò ni èyí, àwọn ni kí ẹ pè.

Ẹlòmíràn lè wí pé, gọ́tà lásán, kí ló tó bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ kí á rántí ìtàn. Ní 1854, àrùn kọ́lẹ́rà wọ àdúgbò kan tí wọ́n ń pè ní Soho ní ìlú London, ó sì pa ènìyàn tó tó 600 láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà wí pé òórùn burúkú inú afẹ́fẹ́ ló fà á. Dókítà kan tó ń jẹ́ John Snow kò gba ọ̀rọ̀ wọn. Ó ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń béèrè ibi tí wọ́n ti ń pọn omi, títí ó fi rí i pé ẹ̀rọ omi kan ní Broad Street ni. Wọ́n yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà. Nígbà tí wọ́n wá gbẹ́ ilẹ̀ wò lẹ́yìn náà, wọ́n rí i pé kòtò omi ẹ̀gbin ilé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga náà, kò jìnnà ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ. Bíríkì rẹ̀ ti jẹ, ó ń jò sínú omi tí gbogbo àdúgbò ń mu. Ilé kan ṣoṣo! Inú ilé náà ni ọmọ ọwọ́ kan ti ṣàìsàn, inú kòtò yẹn ni wọ́n sì da omi tí wọ́n fi fọ aṣọ ìdí rẹ̀ sí. Ẹ kò rí i? Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ jókòó síbi kan. Ẹni tó lọ wò ó ló mọ òótọ́.

Kí a má sọ pé ti London ni. Kọ́lẹ́rà dé Nàìjíríà ní 1970, àti ní 1991 nìkan, àwọn tó kú nínú rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa lé ní 7,000. Ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, inú gọ́tà tàbí ẹ̀bá rẹ̀ ni páìpù omi ẹ̀rọ ń gbà kọjá. Nígbà tí omi ẹ̀rọ kò bá yọ, páìpù tó ti dá ihò yóò fa omi gọ́tà mu. Nígbà tí omi bá padà yọ, òun ni a ó kọ́kọ́ gbé fún ọmọ wa. Ẹ sì rántí ohun tí ojú wa rí ní 2022, nígbà tí omi òjò wọ ọjà Kantin Kwari tó ba aṣọ àwọn oníṣòwò jẹ́. Lára ohun tí wọ́n sọ pé ó fà á ni àwọn ìsọ̀ tí wọ́n kọ́ sórí ojú ọ̀nà omi. Omi kò ní ọ̀tá. Ọ̀nà rẹ̀ ló ń wá.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní, “Àwa kì í ṣe onílé, ayálégbé ni wá.” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n onílé kọ́ ló ń wẹ̀ nínú omi náà. Ẹ la páìpù, ẹ tọ́jú ìwé owó páìpù àti sìmẹ́ńtì, kí ẹ sì fi ọ̀wọ̀ kọ̀wé sí onílé kó yọ ọ́ nínú owó ilé. Àwa yóò bá yín kọ ọ́, a kò ní gba nǹkan kan.

Àwọn mìíràn yóò ní, “Iṣẹ́ ìjọba ni.” Gọ́tà ńlá ojú títì, iṣẹ́ ìjọba ni lóòótọ́, a kò sì ní dẹ́kun láti máa kọ̀wé béèrè. Ṣùgbọ́n páìpù tó wà láàárín balùwẹ̀ wa àti ojú títì, kò sí ìjọba kankan tí yóò wá là á. Nígbà èwe àwọn bàbá wa nílé, wolé-wolé a máa wọ ilé, a máa ṣí ìkòkò omi wò, a sì máa wo ẹ̀yìnkùlé. Bí wọ́n bá gbúròó rẹ̀, gbogbo àdúgbò á mú ìgbálẹ̀. Láti ìgbà ìjọba ológun Buhari àti Idiagbon, 1984 sí 1985, ni a ti mọ ìmọ́tótó Sátidé ìparí oṣù. Ó dára. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa ń fi wákàtí yẹn sùn, títí mọ́tò yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ẹ jẹ́ kí a di wolé-wolé ara wa.

Àwọn kan yóò sì ní iṣẹ́ náà kò yẹ ẹni iyì. A bi wọ́n: ẹ̀gbin ta ni? Bí ẹ̀gbin náà bá jẹ́ tiwa, kí ló dé tí kò fi yẹ ọwọ́ wa? A kò sọ pé kí púlọ́ńbà má jẹun o. Bí ìdènà bá wà lábẹ́ ilé, tàbí tó bá jẹ́ páìpù ilé ìgbẹ́, ẹ pè é. Ṣùgbọ́n ẹ dúró tì í, kí ẹ wo ohun tó fà jáde.

Nítorí náà, a gbé ohun mẹ́rin síwájú ìpàdé. Ìkíní, kí ẹgbẹ́ ra rọ́bà dúdú ẹsẹ̀ bàtà 50, ṣọ́bìrì méjì, bárò kan, ìbọ̀wọ́ àti bàtà òjò. Ọ̀dọ̀ akọ̀wé ni kí wọ́n wà, kí ilé tó bá fẹ́ lò ó fọwọ́ sí ìwé. Ìkejì, kí gbogbo ilé tó wà lójú gọ́tà kan náà jọ ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà ní Sátidé ìparí oṣù April, kí damina tó dé. Kí ilé tó wà nísàlẹ̀ jù lọ bẹ̀rẹ̀, kí á máa gòkè bọ̀. Ilé tó bá wà lókè tó dá tirẹ̀ ṣe, ẹrẹ̀ rẹ̀ ló ń tì sí ẹnu ilé ẹlòmíràn, ìjà ló sì ń dá sílẹ̀. Ìkẹta, ẹrẹ̀ tí a bá kó, ọjọ́ náà ni kó kúrò. Àṣà wa ni láti kó o jọ sí etí gọ́tà, kí a sì yìn ara wa. Òjò àkọ́kọ́ ni yóò gbá a padà sínú rẹ̀, gbogbo làálàá wa yóò sì di asán. Ẹni tí kò bá ní bárò, kó má tíì bẹ̀rẹ̀. Ìkẹrin, tó sì jẹ wá lógún jù, kí ẹ̀ka wa má gba ẹ̀sùn gọ́tà lórí ẹnikẹ́ni mọ́, àfi bí wọ́n bá ti la páìpù náà, tí ojú ẹni méjì ó kéré tán sì ti rí ohun tó wà níbẹ̀. Ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ọba kì í gé ìka tó sún mọ́ ọn jù.

A wà ní ìlú tí kì í ṣe ìlú baba wa. Láti ìgbà tí ojú irin ti dé Kano ní 1911, tí àwọn ará iwájú wa ti tẹ̀ lé e wá, ohun tó mú wọn dúró ni pé ẹnì kan kì í ti ẹnì kejì síta. Bí a bá lè fi ìwé lé ìyá ọlọ́mọ jáde nítorí omi ọṣẹ, kí ni ìwúlò ẹgbẹ́?

A ti kọ ìwé kejì sí ìyá náà. A kọ ọ́ pé àwa jẹ̀bi, pé kò jẹ gbèsè kankan, àti pé gbogbo ilé tọrọ àforíjì. A kò fún un lọ́wọ́ ní kọ̀rọ̀. A ní kí ọmọ rẹ̀ dúró láàárín ọgbà níbi tó dúró sí lọ́jọ́ kìíní, kó kà á sókè. Ó kà á já, kò sì gbé ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní ibì kankan.

Ìpàdé wa di ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Kí ilé kọ̀ọ̀kan rán ẹnì kan wá tó mọ ibi tí páìpù ilé wọn gbà.

Àwa ni,
Akọ̀wé Ẹ̀ka.